Alájì Wà Nínú Ọparun

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Wọ́n sọ ọmọ mi lórúkọ lánàá. Rùqáyyà. Ọdún mẹ́jọ ni èmi àti Sàlíhà fi wá a, wọn ò sì jẹ́ kí n wò ó tó bí ẹni ń wo ọmọ ẹlòmíràn. Ìmáàmù gbé e. Àwọn àǹtí gbé e. Obìnrin kan tí mo mọ̀ dájú pé ẹran ló bá wá náà gbé e. Nígbà tó kan èmi, Gómìnà ní ọrùn ọmọ ò tíì le, ọkùnrin ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Ó gbà kí n fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yẹ ìka mi wò ná.

Gómìnà ni ìyá ìyàwó mi. Àlájà Ojúọlápé ni gbogbo àdúgbò Moshie Zongo mọ̀ ọ́n sí, Màmá ni mò ń pè é lójú rẹ̀. Gómìnà wà fún inú ìwé yìí nìkan. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí i.

Òfin rẹ̀ nìyí: ìyá àti ọmọ máa wà lọ́dọ̀ òun fún ogójì ọjọ́. Omi gbígbóná àti ewé dongoyárò láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́. Kóòkó, ògì aláta. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ wọ yàrá. Bàbá ọmọ á wá kí wọn, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, á mumi, á máa lọ sílé rẹ̀. Mo ti mọ gbogbo ìṣó tó wà lára bẹ́ǹṣì yẹn.

Mo padà sí ilé wa ní Bantama. Ilé dákẹ́. Èmi àti ẹja.

Ọjọ́ Ajé, 8

Ẹ̀sùn tuntun. Sàlíhà pè mí lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ní bí àpótí ẹja bá ṣì wà nínú yàrá kejì, yàrá tí a ní kó jẹ́ ti ọmọ, òun ò ní dá wọn padà lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ó di oṣù kẹta. Ó ní omi nínú ilé ń pe ẹ̀fọn, ó ń pe òtútù, ó sì ń pe ohun tí òun ò ní dárúkọ. Ó tún ní: ẹja tó nírùngbọ̀n, ṣé ẹja nìyẹn?

Kí n má parọ́ fún ìwé. Ó nírùngbọ̀n. Dúdú ni, ó ní àmì funfun tótòtó lára, ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òun ló fi ń lẹ̀ mọ́ dígí. Irùngbọ̀n náà hù láti imú dé iwájú orí, bíi gbòǹgbò àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Alájì. Abo ò ní irú rẹ̀. Àǹtí lorúkọ tirẹ̀. Lékè tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì mi ní ọjà Race Course ló fún mi ní àwọn méjèèjì àti àpótí wọn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí fífọ̀ rẹ̀ sú u.

Èmi fúnra mi ò nírùngbọ̀n. Àgbọ̀n mi ń dán. Bóyá ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Alájì nìyẹn.

Ọjọ́rú, 10

Gbogbo ọjà ti ń pè mí ní Bàbá Rùqáyyà. Oníbàárà kan bi mí pé ta lọmọ jọ. Mo ní ó jọ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ọjọ́ Jímọ̀, 12

Láti mọ́ṣáláṣí, mo gba orí bẹ́ǹṣì lọ. Sàlíhà àti ọmọ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá. Èmi ni mo rán kọ́tìnnì yẹn, aláwọ̀ búlúù, ìlọ́po méjì, mo fi ta Gómìnà lọ́rẹ ní ọdún ìgbéyàwó wa. Mo rán an dáadáa. Kò sí ibi tí èèyàn lè yọjú.

Ọmọ sín. Mo ní, "Yarhamukallahu." Gómìnà ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mo ti bá Lékè sọ ọ́ pé kó wá gbé àpótí ẹja rẹ̀ padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí ló kù tí mo lè ṣe? Ẹja kọ́ ni mo bẹ Ọlọ́run fún lọ́dún mẹ́jọ.

Àmọ́ Alájì ń ṣe nǹkan kan. Ó wà nínú ègé ọparun oníhò tí mo tẹ́ sísàlẹ̀ omi, ó ń fi ẹnu nu inú rẹ̀ láti àárọ̀. Bí Àǹtí bá kọjá, á yọjú. Àǹtí á ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Mo mọ ìṣe yẹn. Báyìí ni Sàlíhà ṣe fún mi lódidi ọdún kan.

Ọjọ́rú, 17

Ẹyin! Ẹyin wà nínú ọparun, aláwọ̀ epo pupa, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Àǹtí yé wọn, ó sì jáde, kò bojú wẹ̀yìn, ó lọ ń jẹ ewé omi tó hù lára òkúta. Alájì ló wọlé. Ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi lẹbẹ́ fẹ́ omi sí wọn, ó ń fẹ́, ó ń fẹ́. Mo ju kùkúḿbà tó fẹ́ràn jù sí i. Kò wò ó.

Mo pe Lékè, mo ní kó má tíì wá. A kì í lé ọlọ́mọ jáde nílé.

Kí n sọ ọ́ síbí, kò sẹ́ni tó máa rí i: mò ń jowú ẹja.

Ọjọ́bọ̀, 18

Alájì ò jáde lọ́dọ̀ ọmọ. Wọn ò jẹ́ kí èmi wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

 Mò ń kọ ọ́ kí n má bàa sọ ọ́.

Gómìnà wá yẹ ilé wò nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ Sàlíhà ló lò. Mo dé, mo bá ilé ní gbígbá, mo bá kóòkó nínú ìkòkò lórí tábìlì, aṣọ mímọ́ ni wọ́n fi bò ó. Mo ní kí Ọlọ́run san án fún wọn. Mo tún rí garawá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun dúdú kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Irùngbọ̀n.

Mo sáré wọ yàrá kejì. Gómìnà ti fi àjákù nẹ́ẹ̀tì kọ́tìnnì mi bo iwájú dígí, ó fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a lókè. Ó gún. Èmi tí mò ń fi í jẹun, mi ò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí ló wà nínú ọparun lórí ẹyin, òkúta ni Gómìnà sì fi dí ẹnu ọ̀nà kó má bàa jáde.

Ẹni tó bá mọ Gómìnà á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n nínú yàrá ọmọ. Ó rí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó ń rìn kiri níta bí ẹni tí wọ́n lé. Àánú ṣe é. Ohun tó ń ṣe fún gbogbo ọlọ́mọ tuntun ní Moshie Zongo ló ṣe fún Àǹtí náà: ó mú ìyá ti ọmọ, ó yọ bàbá kúrò, ó fi kọ́tìnnì bò wọ́n. Mo dúpẹ́ pé kò rántí omi gbígbóná. À bá ti jẹ wọ́n lọ́bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹja yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ló ń tọ́jú ẹyin. Bí kò bá sí níbẹ̀ láti fẹ́ wọn kó sì máa nù wọ́n, èbu funfun á bò wọ́n, wọ́n á kú. Ìyá ńkọ́? Ebi ń pa ìyá. Nígbà tí mo fi máa ṣí òkúta, Àǹtí ti jẹ lára wọn. Ó rọra jáde, ikùn rẹ̀ yọ.

Mo dá Alájì padà sínú omi. Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó kẹ̀yìn sí ọparun, kò wọ ọ́. Mo rán àpò kékeré kan pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, mo kó ẹyin tó kù sí i, mo fi rọ́bà pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa mì.

Mo mu kóòkó náà. Ó dùn. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo lọ sí Moshie Zongo lọ bínú. Inú ọkọ̀ trotro ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo dé iwájú rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Màmá, ẹ ṣeun àná o. Ẹ kú iṣẹ́ ilé."

Ó ní kò tó ọpẹ́. Ó ní, "Mo bá ẹ yọ bàbá onírùngbọ̀n yẹn kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́mọ. Haba! Ojú ẹ̀ le páà, kò mojú rárá."

Sàlíhà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Òun ló wá là á mọ́lẹ̀ láti inú yàrá: Màmá, nínú ẹja yẹn, bàbá ló ń tọ́jú ọmọ, ẹ ti gbé ẹyin lé ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́.

Gómìnà yí ojú sí mi. "Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má fi mí ṣeré o. Ẹranko wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti ní kí àkùkọ máa sàba?" Mo ní òótọ́ ni, Màmá.  Ó ní tó bá jẹ́ pé ọkùnrin lolùtọ́jú ọmọ nílé mi, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ọmọ òun ń sáré lọ ṣe níbẹ̀. Oṣù kẹta. Ó parí.

Mo lọ láti lọ bínú, mo sì fi ẹnu ara mi ra ìyà kún ìyà. Rárá, ẹnu ìyàwó mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ẹyin mélòó kan ti funfun. Mo fi irin tí Sàlíhà fi ń yọ irun ojú ṣà wọ́n kúrò. Kó má gbọ́. Lékè ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní kó wá fi ẹwà náà hàn mí.

Nírọ̀lẹ́ mo dá àwọn tó kù padà sínú ọparun. Mo pa iná yàrá, mo jáde. Ọ̀rọ̀ ti di ti Alájì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ó ti wọlé! Ìrù rẹ̀ ló dí ẹnu ọparun. Mo kígbe "Alhamdulillah" débi tí ará ilé kejì fi bi mí láti ojú fèrèsé bóyá ìyàwó mi ti dé.

Ọjọ́bọ̀, 25

Gómìnà wá. Kò ránṣẹ́, kò pè. Mo mọ̀ pé irọ́ mi ló wá já.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu ọparun. Ẹyin ti pa. Wọ́n kéré ju hóró ìrẹsì lọ, àpò oúnjẹ wọn pupa ní ikùn, ìrù wọn ń gbọ̀n, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ògiri ọparun. Alájì dúró lórí wọn, ó ń fẹ́ wọn.

"Kí ló ń jẹ?" Mo ní kò jẹun, Màmá. "Láti ìgbà wo?" Láti ọjọ́ tí ẹyin ti wà níbẹ̀. Ó ní, "Kai!"  Ó fa àpótí ìjókòó mi mọ́ ìdí, ó jókòó síwájú dígí. Mo lọ bá a po tíì, mo bọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìrun Alásárì bá a níbẹ̀, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹja, ó kírun, ó tún padà jókòó.

Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ó jọ Alájì wa." Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń wí.  Ó ní, "Irùngbọ̀n nìkan ni o. Ìwà kọ́."

Mi ò sọ orúkọ tí mò ń pe ẹja náà fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Gómìnà pè mí láàárọ̀. Ó bi mí bóyá ó ti jẹun. Mo ní rárá, Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Ó ní èmi kọ́ lòun ń béèrè.

Ọjọ́ Ajé, 29

Dumsor. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ará ilé kejì pè pé iná ti lọ ní Bantama láti àárọ̀. Pọ́ǹpù ti dákẹ́ nìyẹn. Omi ti dúró, àwọn ọmọ tí ò tíì lè wẹ̀ sì wà nínú omi tí kò mí. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú etí kọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ táksì.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Gómìnà ti wà nínú yàrá kejì, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀, ó ń fi ife bu omi inú àpótí, ó ń gbé e sókè, ó ń dà á padà kó máa hó. Ó ní òun wá kí ọlọ́mọ ni. Alájì ló ń pè lọ́lọ́mọ.

"Omi tí kò mí ń pa wọ́n, àbí? Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Mú ife kejì."

A jọ ń bu omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láìwo mi. Kó tó bí Sàlíhà, ó ti bí méjì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìyá rẹ̀ tètè dá a padà sílé ọkọ kí ayé má bàa sọ̀rọ̀. Ọkọ wà lọ́nà Ouagadougou, ọjà ló ń bá kiri. Kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ kí ìyá fojú kan oorun, kò sẹ́ni tó máa rí i pé ara ọmọ ń gbóná. Àkọ́kọ́ kú. Èkejì kú. "Ó dé, ó sunkún, ó tún lọ. Èèyàn dáadáa ni. Kò mọ̀ wọ́n gbé rí." Ìdí nìyẹn tó fi búra pé ọmọ tòun ò ní bímọ kó wá padà síbi tí kò ti sí ọwọ́ kejì.

Mò ń bu omi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọwọ́ mi wà ńlẹ̀, pé ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé e lófo kiri.  Ohun tó jáde ni: "Màmá, ẹ sinmi díẹ̀." Ó ní kò rẹ òun koraa.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni iná tó dé. Aṣọ àwa méjèèjì tutù. Ó wo ọparun, ó wò mí, ó ní kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀wù kí òtútù má mú mi.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti jáde! Mo jí, mo bá wọn lára dígí káàkiri, kéékèèké, onírù gígùn, ẹnu nísàlẹ̀ bíi ti bàbá wọn. Irùngbọ̀n kò tíì sí. Mo bọ kọ̀ǹtómìrè, ewé kókò, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú omi, wọ́n bò ó.

Gómìnà dé pẹ̀lú kọ̀ǹtómìrè tirẹ̀. Ó ní tèmi yi, pé eyín ta ló máa jẹ ẹ́. Mo ní wọn ò léyín tó bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó ní ohun tí òun ń sọ náà nìyẹn. Ó yọ tèmi, ó fi tirẹ̀ sí i. Inú bí mi pé tirẹ̀ ni wọ́n jẹ tán.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n: ení, èjì... Ó gbá mi lọ́wọ́. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Mo ní ẹja ni, Màmá. Ó na ìka sí Alájì: "Ṣé òun ò lójú ni?"

Alájì ti jáde jẹun. Kùkúḿbà odidi ló jẹ, òun nìkan. Mo jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Ọgbọ́n pọ̀ jù nínú orí mi lónìí. Ogójì ọjọ́ ti ń pé lọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Mo rò ó, mo tún un rò: àpótí ẹja ló ṣì dúró sáàárín èmi àti ọmọ mi. Wọ́n ti jáde nínú ọparun, wọ́n lè rìnrìn àjò. Mo ní kí Lékè wá kó gbogbo wọn lọ́la. Ó ní, "Chale, you dey sure?" Mo ní ó dá mi lójú. Kò dùn mọ́ mi. Mo jókòó síwájú dígí fúngbà díẹ̀ kí n tó jáde.

Mo wá lọ fi ìròyìn ayọ̀ náà bá Gómìnà. Mo ní, Màmá, mo ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́. Ẹja ń lọ lọ́la. Yàrá ọmọ á gbẹ.

Ó dìde dúró. "Ta ló ní kí o lé bàbá ọmọ jáde nílé?" Mo ní... "Ara wọn ò tíì le, o fẹ́ kó wọn fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta wáyà!" Mo ní Màmá, ẹ̀yin lẹ ní omi ń pe ẹ̀fọn. Ó ní àwọn ọmọ yẹn á jẹ ẹ̀fọn. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo fẹ́ bi í pé ọjà wo. Mo dọ̀bálẹ̀ dípò rẹ̀.

Sàlíhà tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó fi ìborùn bo ẹnu nítorí ẹ̀rín. Ó ní òun ti di ẹrù òun láti ìjẹta. Ó ní, "Bí o ṣe ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, èmi náà ń jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń gbọ́ bí o ṣe ń mumi." Mi ò mọ̀ pé mímumi mi ń ró. Inú mi dùn, ó sì dùn mí.

Mo pe Lékè pé kó má wá mọ́. Ó bi mí pé ta ló yí ọkàn mi padà. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Bẹ́ǹṣì. Omi. Ogójì ọjọ́ á pé lọ́túnla. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 9

Táksì dúró níwájú ilé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Sàlíhà sọ̀kalẹ̀. Rùqáyyà sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀já. Gómìnà sọ̀kalẹ̀. Ẹní sọ̀kalẹ̀. Kẹ́tùlù ńlá, ìdì ewé dongoyárò, báàgì kan, báàgì kejì, báàgì kẹta. Awakọ̀ ní ó ku àga.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá." Mò ń wo báàgì. Ó ní òun ò ní pẹ́, ara àwọn ọmọ á kọ́kọ́ le ná. Mi ò béèrè ọmọ wo. Yàrá kejì ló kọ́kọ́ yà sí, ó kí Alájì kó tó rántí bọ́ bàtà.

Ó pín ilé. Òun, Sàlíhà àti ọmọ ló ni bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi ni mo ni ẹní, nínú yàrá ẹja. Ó ní kí bàbá lọ bá bàbá. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ, Ọlọ́run fi ọ̀pọ̀ dá mi lóhùn. Inú mi dùn débi pé mo wá fìlà mi títí, orí mi ló wà.

Mi ò tíì gbé Rùqáyyà. Ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ níwájú mi. Mi ò béèrè. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí wọ́n má lọ sọ pé rárá fún mi nínú ilé ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ èyí. Kò gún.

Gómìnà wọ léèsì láàárọ̀. Sàlíhà náà wọṣọ ìjáde. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí ọjà Kejetia, pé ó ti lé lógójì ọjọ́ tí ọlọ́mọ ti rí títì. Mo ní ó dáa. Mo ní ta ló máa pọn ọmọ nínú èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀?

Gómìnà wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Bàbá Rùqáyyà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ní bàbá ló ń tọ́jú ọmọ, ṣé irọ́ lẹ pa fún mi?"

Mo ní rárá, Màmá.

"Tọ̀. Jókòó."

Mo jókòó. Ó mú apá òsì mi, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ́, ó gbé orí ọmọ lé e. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó fi sábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó ní kí n mí. Mi ò mọ̀ pé mi ò mí. Sàlíhà ní ó ti mu ọmú yó, á sùn, àwọn á dé kí ebi tó pa á. Wọ́n jáde. Gómìnà padà wọlé, ó wo ọwọ́ mi. Ó jáde. Ó tún padà, ó tún wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, Sàlíhà ló fà á láṣọ jáde.

Ọmọ ti tọ̀ sí mi lára. Tíì mi wà lórí tábìlì, ó ti tutù, ọwọ́ mi ò tó o. Fóònù ń dún nínú yàrá kejì. Ó dún, ó sú u, ó dákẹ́. Oníbàárà tó fẹ́ kọ́tìnnì ni, kó lọ rà á níbòmíràn.

Etí ìyá mi ló wà lórí ọmọ yìí. Etí ìyá mi gan-an, tó ká lókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé e kọjá níwájú mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, torí kò sẹ́ni tó mọ ìyá mi níbẹ̀ àfi èmi. Mo sunkún. Omi ojú bọ́ sí i lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ké díẹ̀, ó tún sùn.

Wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́. Kí wọ́n má kánjú.